Agbẹ́kànga Tó Ń Fọ Ọsibítù

Èmi ni mo ń kọ káàdì ní ọsibítù ìjọba Ìdí-Ìṣin nígbà náà. Tí o bá ti Ẹ̀gbẹ́dá ń lọ sí Akọ̀wọ́njọ, tí o yà sọ́wọ́ òsì níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, wàá bá a níbẹ̀: ilé gbọọrọ kan, wọ́ọ̀dù mẹ́ta, yàrá ìgbẹ̀bí kan, àti fèrèsé kékeré tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti aago méje àárọ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń dé. Àǹtí Káàdì ni wọ́n ń pè mí, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé Olúrẹ̀mí ni mò ń jẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Jàfárù dé, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá pẹ̀lú kóróbá lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èyí tó ṣojú mi àti èyí tóun fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Jàfárù. Ó dé Èkó ní ọdún 1974, ó kọ́kọ́ ń ru búlọ́ọ̀kù, kó tó kọ́ṣẹ́ kànga gbígbẹ́. Iṣẹ́ gidi ni nígbà yẹn. Àwọn èèyàn ń kọ́lé sí Ìpájà, sí Ayọ̀bọ̀, sí ẹ̀yìn Gowon Estate, omi ẹ̀rọ ò sì débẹ̀. Kànga ni onílé kọ́kọ́ ń gbẹ́ kó tó da búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Jàfárù ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run dìídì wọn èjìká rẹ̀ kó lè gba inú ihò kọjá. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀, ará ilé kejì á gbọ́, torí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń gbẹ́ kànga fún onílé kan ní Ayọ̀bọ̀. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ ti mumi yó. Jàfárù ní kí àwọn sinmi díẹ̀ kí ilẹ̀ gbẹ. Onílé fárígá, ó ní àwọn bíríkìlà òun ń dúró de omi. Jàfárù wá wọlé. Ó ti jìn tó ìdúró ọkùnrin mẹ́fà nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kànga bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ó fò mọ́ okùn, ó pariwo, wọ́n ń fà á bọ̀ lókè. Ó ku díẹ̀ kí orí rẹ̀ yọ síta ni okùn já. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Egungun ojúgun rẹ̀ dá sí méjì, ó sì gún awọ jáde.

Mọ́tò onílé yẹn náà ni wọ́n fi gbé e wá bá wa. Mo béèrè orúkọ, mo béèrè ọjọ́ orí, ó ń dá mi lóhùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wá gba ìwé ọkọ̀, àfi òógùn tó ń ṣàn lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìdíátù, tó ń ta ọṣẹ ìfọṣọ ní Akọ̀wọ́njọ, sáré dé láìwọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n Jàfárù fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Dókítà ní, “Wọ́n lè bá yín to eegun níbikíbi. Egbò yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, gígé la máa gé ẹsẹ̀ yìí.” Ìdíátù ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ó wà níbí.”

Ọ̀sẹ̀ méje ló lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin.

Mi ò ní parọ́, wọ́ọ̀dù náà dọ̀tí. Àwọn márùn-ún ló ń tún ọsibítù ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún tó ṣáájú, ìjọba dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n lé mẹ́rin lọ, ó wá ku Abigail nìkan. Obìnrin Iléṣà kan ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà, ẹ̀yìn sì máa ń dùn ún. Ẹnì kan ṣoṣo fún wọ́ọ̀dù mẹ́ta, yàrá ìgbẹ̀bí, ilé ìyàgbẹ́ àti gbogbo ọ̀nà àárín. Ohun tó bá ti lè gbá láàárọ̀, ìyẹn náà nìyẹn. Fífọ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Èmi tí mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, imú mi ti mọ́ òórùn yẹn lára.

Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ti Jàfárù ni Tíṣà Ọláníyan, ará Ìkòtún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, ó sì ti dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Egbò náà ń rùn, ọkùnrin náà sì mọ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá ti ń tú u, á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọ́ọ̀dù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Gowon Estate wá wò ó, ó gbé ọmọ tirẹ̀ dání, ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ. Ọmọ náà rí bàbá ìyá rẹ̀, ó ń jà láti bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dì í mú gírígírí.

“Má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn o! Ṣó o gbọ́ mi? Má fẹsẹ̀ kàn án.”

Obìnrin náà ò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ìdọ̀tí ilẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n Jàfárù sọ fún mi pé Tíṣà kọjú sí ògiri, kò sì yí padà títí tí wọ́n fi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Jàfárù ní kí Abigail bá òun gbé omi àti búrọ́ọ̀ṣì wá.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tíṣà.”

“Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi dúró?”

“Mi ò ní dúró.”

Ó rọra ti orí bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Tó bá fọ ibì kan tán, á fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, á tún fọ ibòmíràn. Ọṣẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá fún un láti fi wẹ̀ ló fi ń ṣe é. Abigail dúró tì í, ó ń wò ó, nígbà tó yá ó lọ pọn omi kejì wá láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Nọ́ọ̀sì kan wá pè mí níbi fèrèsé mi, ó ní kí n wá wo nǹkan. Mo lọ. Ilẹ̀ pupa ni! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tẹ ilẹ̀ yẹn kọjá, mi ò mọ̀ pé pupa ni wọ́n ṣe é. Àwọ̀ eérú ni mo mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tún pé, ọmọdébìnrin yẹn jókòó sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ìyá rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, á ṣà á jẹ. Ìyá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Jàfárù ní òun ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ọsibítù ńlá kan láàárín ìlú, ibẹ̀ ló sì kú sí. Inú oṣù kọkànlá ni wọ́n dá Jàfárù sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú sí èkejì, ó sì di pé ó ń tiro. Kò lè wọnú kànga mọ́. Ó wá di ẹni tó ń dúró lókè, tó ń wo ilẹ̀, tó ń sọ ibi tí omi máa wà fún àwọn tó ń wọlé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1988, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbójú sókè, mo rí i níwájú fèrèsé mi. Ó gbé kóróbá dání, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ wà nínú rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Jàfárù. Ṣé ẹsẹ̀ tún ń dùn yín ni?”

“Rárá o, Àǹtí Káàdì. Mo wá fọlẹ̀ ni.”

“Ilẹ̀ wo?”

“Ilẹ̀ yín yìí náà.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó dúró, ó ń wò mí títí tí mo fi dákẹ́. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Mátírọ́nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì.

Obìnrin tí wọ́n ń bẹ̀rù ni Mátírọ́nù Olúsànyà. Ó mọṣẹ́, kì í pariwo, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ títí tó fi máa fojú rí i. Ó wo Jàfárù láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ta ló rán yín wá?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, mà.”

“Ìjọ yín ni?”

“Mùsùlùmí ni mí, mà. Àwọn ẹlẹ́sìn mi náà ò rán mi.”

“Kí lẹ fẹ́ gbà?”

“Mi ò ní gba nǹkan kan.”

Mátírọ́nù gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹni tí kò fẹ́ gba nǹkan kan, ó ní ohun tó ń wá. Kí lẹ̀ ń wá?”

Jàfárù ronú díẹ̀. Ó ní, “Ọjọ́ Ajé làwọn aláboyún máa ń wá sí klíníìkì. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ yìí á ti rí bí ojú ọ̀nà Ìpájà nígbà òjò. Mo dùbúlẹ̀ níbí ọ̀sẹ̀ méje, mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ máa wá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyẹn nìkan ni, mà.”

Mátírọ́nù tún gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Ó ní kó lọ bá Abigail. Tí Abigail bá gbà, òun gbà. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ọkùnrin nìkan, kò sì gbọ́dọ̀ dá wà.

Abigail ò gbà. Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n etí mi tó o. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ṣàánú mi. Mẹ́rin ni wọ́n lé, ó ku èmi. Tí wọ́n bá rí ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni wọ́n á tún fi èmi ṣe? Àwọn ọmọ mi ṣì wà nílé ìwé.”

Jàfárù ò tíì ronú débẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ẹ̀yin lọ̀gá. Ibi tẹ́ ẹ bá ní kí n fọ̀ ni n óò fọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n má wá mọ́, mi ò ní wá.”

Abigail bá ronú ọgbọ́n tó máa fi lé e lọ. Ó mú un lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìn, èyí tó ti dí láti oṣù kẹjọ, tí wọ́n fi pákó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa. Ó ní, “Ibí yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀.” Ó rò pé tó bá ti rí i báyìí, á gbé kóróbá rẹ̀ lọ sílé ni.

Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kí ni ìgbẹ́ fẹ́ fi ṣe é? Jàfárù yọ pákó, ó yọjú wò ó, ó ní òun ń bọ̀. Ó padà dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì olójú tóóró àti irin gígùn kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì ló fi tú páìpù ẹ̀yìn, ó kó ẹrẹ̀ àti àkísà àti ike tó dí i jáde, ó gbẹ́ kòtò, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta, ó da omi sí i, omi náà lọ wìì. Abigail wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo ihò náà, ó wo Jàfárù, ó ní, “Ẹ̀yin ṣá ò níí pa mí.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ dè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti wọ́ọ̀dù ọkùnrin, ó dé ti obìnrin, ó dé ti àwọn ọmọdé, ó wá dé ọ̀nà àárín tó lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí. Ìdíátù ń fún un ní ọṣẹ tó bá ti fọ́ tí kò ṣeé tà mọ́. Mátírọ́nù wá ọ̀nà, ó ń rí Ìsáàlì díẹ̀, oògùn tó ń pa kòkòrò ilẹ̀, gbà fún un. Omi ni wàhálà, torí ẹ̀rọ kì í sábà yọ, ṣùgbọ́n Jàfárù mọ gbogbo kànga tó wà ládùúgbò yẹn, ó mọ èyí tó ń gbẹ àti èyí tí kì í gbẹ, ọ̀pọ̀ onílé tó sì ni wọ́n ló mọ̀ ọ́n.

Bí ìròyìn yìí ì bá ṣe parí síbẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan dé nínú oṣù kẹjọ ọdún 1989.

Ìyàwó ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lápọ̀, tó ń fa wáyà iná sínú ilé, bí àkọ́bí rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí gbé ibi ọmọ sínú abọ́ onídèérí, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn fún àwọn ará ilé láti wá gbé e lọ sin, bí a ti máa ń ṣe. Kọ́lápọ̀ àti ìyá rẹ̀ dé ní aago mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìkòkò tuntun àti ọkọ́. Wọ́n bá abọ́ níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìyá Kọ́lápọ̀ figbe ta. “Ẹkejì ọmọ mi dà? Ẹ bá mi wá ẹkejì ọmọ mi o!”

Kí a tó mọ̀, èrò ti pé jọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà nípa àwọn tó ń wá ibi ọmọ fún oògùn owó. Obìnrin kan tó ń dúró de dókítà wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọkùnrin kan tó ń tiro máa ń fọlẹ̀ níbí. Wọ́n ní kì í gba owó. Ta ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Èkó yìí?”

Jàfárù wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀nà àárín, ó ń fọlẹ̀. Kọ́lápọ̀ fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

“Níbo lo gbé e sí?”

“Kí ni?”

“Má bi mí ní kí ni! Níbo lo gbé e sí?”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé Jàfárù, kò jà, kò sì pariwo. Ohùn rẹ̀ tó máa ń rinlẹ̀ wá lọlẹ̀ pátápátá. Ó ní, “Ẹ wo inú kóróbá mi.” Ẹnì kan da kóróbá náà nù. Omi dúdú ló ṣàn káàkiri ilẹ̀ tó ti fọ̀, àti àkísà kan. Wọ́n yẹ àpò rẹ̀ wò. Tẹ̀súbà ló wà níbẹ̀ àti ègé ọṣẹ. Ọkùnrin kan ti ń sọ pé kí wọ́n mú un jáde síta.

Abigail ló là wọ́n láàárín. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó dúró síwájú Jàfárù, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ ò ní mú un lọ síbì kankan. Èmi ni ìjọba fi ṣọ́ ibí yìí. Tí nǹkan bá sọnù, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Tẹ́ ẹ bá máa lù ú, èmi lẹ máa kọ́kọ́ lù.”

Mátírọ́nù dé, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́. Dípò kó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Jàfárù, ó gba àárín èrò kọjá, ó wọ wọ́ọ̀dù lọ bá ìyàwó Kọ́lápọ̀ tó ń sùn, ó jí i. A gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà láti inú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀.

“Bàbá mi ló gbé e, mà. Wọ́n wá wò mí lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí wọ́n tó padà sí Ìgándò. Wọ́n ní gbogbo àgbàlá ilé tá a háyà, sìmẹ́ńtì ni, kò sí erùpẹ̀ tá a máa sin ín sí. Wọ́n ní àwọn á sin ín sílé tiwọn, lábẹ́ igi ọsàn. Mo rò pé wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì.”

Ìyá Kọ́lápọ̀ fi gèlè bo ẹnu. Àwọn tó ń pariwo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jàfárù tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó gbé kóróbá, ó pọn omi mìíràn, ó fọ ibi tí wọ́n da omi dúdú sí, ó nù ún gbẹ. Ó kí wa pé ó dàárọ̀, bó sì tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un. Ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, a ò rí i. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, a ò rí i. Ọ̀nà àárín tún ń padà sí àwọ̀ eérú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Mátírọ́nù ní kí èmi àti Abigail sin òun lọ sílé rẹ̀. A wọ kàbùkàbù lọ sí Akọ̀wọ́njọ.

Ìdíátù ló jáde sí wa. Ó kúnlẹ̀ kí Mátírọ́nù bí ó ti yẹ, ó gbé àga jáde, ó bu omi fún wa. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró.

“Mà, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ mi fọ ilẹ̀ yín fún ọdún kan àti oṣù méje. Ọjọ́ tí wọ́n pè é ní olóògùn owó, Màámi Abigail nìkan ló sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin yòókù ńkọ́?”

Ó wo èmi náà. Mo tẹ orí ba. Ó wà ní ẹnu mi lọ́jọ́ náà láti sọ pé mo mọ ọkùnrin yìí, pé èmi ni mo kọ káàdì rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé mi ni.

Mátírọ́nù ní, “Òótọ́ lẹ sọ. Èmi tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń rìn bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo rò ó. Mo ní àbí òótọ́ ni. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n mo rò ó.”

Jàfárù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Mo mọ̀, mà. Mo rí ojú yín.”

Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ó wá sọ̀rọ̀. “Kì í ṣe pé mò ń bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti wọ inú ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ya, ẹ̀rù ò bà mí tó ti ọjọ́ yẹn. Nínú kànga, mo mọ̀ pé ẹni tó wà lókè ń di okùn mú. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ẹni tó di okùn mú fún mi.” Ó wo Abigail. “Àfi ẹ̀yin.”

Abigail ní, “Ẹ padà wá, jàre. Ẹ̀yìn ń dùn mí.”

Bó ṣe sọ ọ́ ló pa wá lẹ́rìn-ín, títí kan Ìdíátù tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Jàfárù ò ṣèlérí kankan fún wa. Nígbà tí a ń lọ, Mátírọ́nù sọ fún Ìdíátù pé tó bá padà wá, àwọn nǹkan kan máa yí padà.

Ó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kọ́lápọ̀ ti ń dúró dè é lójú ọ̀nà láti aago mẹ́fà ààbọ̀, mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn. Jàfárù wò ó, kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun ò dárí jì í. Ó béèrè pé, “Ọmọ ńkọ́?”

“Ó wà dáadáa, sà. Adéolú la sọ ọ́.”

“Kí Ọlọ́run dá a sí. Dìde. Ṣé o lè pọn omi?”

Wọ́n jọ fọ wọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ náà. Kọ́lápọ̀ wá fún bí oṣù mẹ́rin, ó tún wáyà ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìn ṣe kí iná lè máa tàn níbẹ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, a ò rí i mọ́. Mátírọ́nù náà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó rán aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé fún Jàfárù, irú èyí tí Abigail ń wọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè mọ̀ pé ẹni wa ni. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ń sọ fún àwọn aláboyún pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tó máa wá gbé ibi, èmi ni mo sì ń kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn káàdì. Ó ṣe mí bí ẹni pé ó yẹ kí n ti máa ṣe é tipẹ́.

Àwọn obìnrin díẹ̀ láti ìjọ Abigail bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn méjì láti mọ́ṣáláṣí Jàfárù náà wá. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó, ìyẹn ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá, ẹgbẹ́ onílé fi tó àwọn tó ń mú èèyàn lójú ọ̀nà létí pé ẹni tó bá gbé ìgbálẹ̀ tó ń lọ sí Ìdí-Ìṣin, kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ìgbà mìíràn, èèyàn ogún á wá. Ìgbà mìíràn, Jàfárù àti Abigail nìkan ni.

Abigail fẹ̀yìn tì ní ọdún 1993. Mátírọ́nù fẹ́ kí Jàfárù gba ipò rẹ̀, ó ti kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá. Jàfárù dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ó ní opó kan wà ní òpópónà tí òun ń gbé, tó ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Mọ̀dínátù lorúkọ rẹ̀, kí wọ́n bá òun fún un. Wọ́n gba Mọ̀dínátù. Ọjọ́ kìíní tó dé, Jàfárù ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìdá ẹni tó wà lórí rẹ̀ láàmú: “Máa ti ọ̀dọ̀ ògiri bọ̀ síta. Sọ fún un kó o tó fọwọ́ kan irin bẹ́ẹ̀dì. Má dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni tó ń jalè. Bá a sọ̀rọ̀.”

Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú nígbà tó di 1996. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti Ìdíátù kó ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà di òní. Wọ́n ti gbé èmi náà lọ sí ọsibítù mìíràn nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń yà síbẹ̀ kí wọn tí mo bá ti Ẹ̀gbẹ́dá kọjá. Mọ̀dínátù sọ fún mi pé àwọn kan ṣì ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn obìnrin ìjọ, onílé kan, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kú síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ náà kì í fi gbogbo ìgbà mọ́. Lọ́jọ́ tí mo yà síbẹ̀ kẹ́yìn, ó mọ́ díẹ̀, ó dọ̀tí díẹ̀. Mo gba kóróbá lọ́wọ́ Mọ̀dínátù, mo bọ́ bàtà, mo bá a fọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí n tó máa lọ sílé.